Igi Ọbẹ̀ Alẹ́

Bí obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá dá a sọ nínú ilé pé òun fẹ́ la igi, ariwo ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. "Mámà, ẹ fi í sílẹ̀ o!" "Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ọmọkùnrin ìta yìí!" Kí wọ́n tó rí ọmọkùnrin náà pè, kó tó lọ yá àáké, kó tó bọ́ ẹ̀wù, kó tó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀wà ṣì wà nínú omi tútù. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi tí mo fẹ́ lò kò ju èyí tí apá kan lè gbá mọ́ra lọ. Èmi kì í ṣe alásè tó fẹ́ se ìrẹsì ìgbéyàwó. Ọbẹ̀ alẹ́ ni mo fẹ́ sè.

Gáàsì wà nílé mi o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní ká padà sí ayé àtijọ́. Àmọ́ láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ohun tó ń gun mọ́tò wá sọ́jà tí kò gbówó lórí. Gáàsì ò gbẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di 2024, kílò kan ṣoṣo ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ̀wà ò sì mọ̀ pé nǹkan ti wọ́n. Bó ṣe ń pẹ́ lórí iná tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń pẹ́. Ni mo bá pín in: tíì àárọ̀ àti ẹyin díndín jẹ́ ti gáàsì, ẹ̀wà, ẹran àti omi ìwẹ̀ ìgbà ọyẹ́ jẹ́ ti igi. Àdògán padà sí ẹ̀yìnkùlé, bó ti padà sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò mi tí wọn kì í fẹ́ kí àlejò rí i.

Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé àáké ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ igi lílà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ní àáké, tàbí tí kò ní apá tó lè jù ú sókè, á kàn gbà pé igi lílà ti kọjá òun. Ẹ̀wẹ̀, àáké tí àwọn baba wa ń lò, igi ni wọ́n fi ń gé lulẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rọ ọ́ torí igi ọbẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á wá igi tó le, tí orí rẹ̀ ki, wọ́n á fi irin gbígbóná jó ihò sí orí náà, wọ́n á wá ki ìrù irin àáké bọ inú ihò ọ̀hún. Bí wọ́n bá ṣe ń fi gé igi tó ni irin náà yóò máa wọnú sí i, tí yóò máa le sí i. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ń gé iṣan igi ni, kì í tì í sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá jù ú lu ojú ìtì kékeré tó dúró lórí ilẹ̀, bí kò bá há sínú igi, igi yóò ṣubú kí irin tó kàn án, tàbí kí irin yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wá ojúgun ẹni bọ̀. Àáké tí àwọn òyìnbó ń fi la igi yàtọ̀: orí tirẹ̀ nípọn, ó sì wúwo, kó lè ti igi sọ́tùn-ún sósì bó bá ti wọlé. Ìyẹn náà, apá ọ̀dọ́ ló fẹ́.

Kí irin tó dé rárá, òkúta ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn òkúta dídán tí ẹnu wọn mú, tí àgbẹ̀ máa ń bá pàdé nínú oko lẹ́yìn òjò ńlá, tí a ń pè ní ẹdùn àrá, tí àwọn olùsìn Ṣàngó ń kó sínú ọpọ́n lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké àwọn ará àtijọ́ ni. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé Ṣàngó nìkan ló lè la igi látorí dé ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìlàágùn.

Tèmi, orí àpótí ni mo ti ń jókòó là á.

Ojú igi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ìyẹn ibi tí ayùn ti gé e. Igi tó bá ti ń gbẹ máa ń sán níbẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó ti ọkàn rẹ̀ jáde lọ síhà èèpo. Bí omi ṣe ń kúrò lára igi ló ń súnkì, àmọ́ kì í súnkì bákan náà níbi gbogbo. Ó ń súnkì yí ká ara rẹ̀ ju bó ṣe ń súnkì láti èèpo wá sí ọkàn lọ, nígbà mìíràn ó tó ìlọ́po méjì. Ibi tí méjèèjì ò ti bára mu yẹn ló ti ń ya. Nítorí náà, kí n tó gbé irin rárá, igi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n má lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn.

Mo fi ẹnu àdá lé orí ìlà tó gùn jù. Mo fi ọwọ́ òsì di èèkù rẹ̀ mú, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọmọ odó kúkúrú, mo sì fi lu ẹ̀yìn àdá. Ọmọ odó yìí ti fọ́ nídìí, kò wúlò fún iyán mọ́, kápẹ́ńtà ló bá mi gé e sí ìwọ̀n tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé. Lílù àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan kan ju pé kí àdá jókòó dáadáa. Ẹ ò gbọdọ̀ bínú lù ú. Ẹ máa gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́. Ó sì ní ibi tí ohùn náà yóò dé tí yóò yí padà, tí yóò di pọ̀, ohùn ihò. Ó ti gbà nìyẹn. Bí àdá bá wọlé tán tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣeé lù mọ́, ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀ tó yọ síta lódì kejì igi, ibẹ̀ ni kí ẹ wá máa lù, kí ọwọ́ òsì sì máa tẹ èèkù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igi á pín sí méjì, èkíní ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì, kò sì sí ohun tí ẹ gbé kọjá èjìká.

Ọmọ odó ni mo wí, n kò wí òòlù irin. Irin tó ń lu ẹ̀yìn irin á máa bẹ́, èérún tó bá sì bẹ́ lọ sójú kò ní àtúnṣe. Àdá náà ní irú èyí tó yẹ. Àwọn tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, oko ríro ni wọ́n dára fún, wọ́n á wọ́ bí ẹ bá fi la igi. Èyí tí àgbẹ̀dẹ fi sípíríǹgì mọ́tò rọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ni kí ẹ wá. Ó lè má dán lójú, àmọ́ yóò bá yín dalẹ́.

Bí ìtì náà bá fẹ̀, ẹ má bá ọkàn rẹ̀ jìjàkadì. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti máa bó o yí ká, bí ẹni ń bó ọsàn, ẹ̀là kan tẹ̀lé òmíràn, títí yóò fi ku ọkàn níbi tó ti rọrùn láti pín. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kì í gba èyí gbọ́. Àárín ni wọ́n máa ń dojú kọ, torí pé igi tó bá ya láàárín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń mú kí àwọn tó ń wòran pariwo.

Kókó ni ọ̀tá. Ibi tí ẹ̀ka ti hù jáde, iṣan igi ti lọ́ yí i ká, kò sì sí ìlà tí ẹ lè tẹ̀lé mọ́. Ìtì tó bá ní kókó, n kì í fi àdá yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ń fi í sílẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ tí mo bá ń se ẹran tó le. Màá tì í sí ẹ̀yìn àdògán, á máa jó jẹ́jẹ́ níbẹ̀, kò sì ní yára kú. Ó ti wá ṣe mí ní àǹfààní ju àwọn tó ya wẹ́rẹ́ lọ.

Irú igi náà ṣe pàtàkì, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń tà á ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn mú wa. Kò sí igi ìdáná tí wọn ò ní pè ní ayín. Ayín gidi, irú èyí tó ń ti Òkè-Ògùn wá, ọba igi ìdáná ni, ó wúwo, iná rẹ̀ ń pẹ́, èédú rẹ̀ sì dára, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sun èédú kò fi jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ó le, ẹni tó fẹ́ là á lórí àpótí gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò tóbi. Tíìkì ni mo fẹ́ràn jù láti là: iṣan rẹ̀ tọ́, bí àdá bá ti wọ̀ ọ́, ó ti parí. Mẹ̀línà fúyẹ́, ó sì ń tètè jó; ó dára fún mímú iná ràn. Mọ́ńgòrò ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Iṣan rẹ̀ ń bá ara wọn lọ́pọ̀, ìrókò náà sì nìyẹn, ẹ óò lù títí, yóò kàn fa ya bí aṣọ ni. Ọ̀pẹ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Okùn okùn ni inú rẹ̀, kì í là.

Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ayùn bá yín gé e kúkúrú níbi tí ẹ ti rà á, kó má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Owó kékeré ni yóò gbà, bóyá kó má tilẹ̀ gbà, ìdajì làálàá náà sì ti kúrò ńlẹ̀. Igi gígùn ló ń le là. Kúkúrú kì í janpata. Bí ẹ bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, irú Bódìjà n'Ìbàdàn, ẹ óò rí àjẹkù pákó tí wọ́n dì ní ìdì ìdì. Àwọn yẹn tọ́, wọ́n ti gbẹ, ọ̀bẹ ìdáná tó wúwo gan-an tó o. Àmọ́ ẹ má ra èyí tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, ẹ má ra páláńkì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ẹ má sì dáná sun òpó iná àtijọ́ tí wọ́n rẹ sínú oògùn kòkòrò. Èéfín wọn kì í ṣe ohun tí a fi ń se oúnjẹ.

Igi tí a kò là rárá náà wà. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà kì í la ìtì ńlá. Gbogbo rẹ̀ lódindi ló máa ń tẹ́ sílẹ̀, tí yóò fi orí rẹ̀ kan ṣoṣo sínú ààrò, bó bá ṣe ń jó ni yóò máa tì í wọlé. Títí di òní, bí ẹ bá lọ síbi tí àwọn alásè ti ń se oúnjẹ òde, bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò ṣe bá ìtì lábẹ́ ìkòkò wọn. Ohun tó ń bà á jẹ́ fún èmi ni pé ó fẹ́ àyè, ó sì fẹ́ ẹni tí yóò máa fojú sí i, nítorí ìdí rẹ̀ wà lójú ọ̀nà gbogbo ọmọdé tó bá ń sáré kọjá.

Ti ẹ̀ka gbígbẹ rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ gún un. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ tó bá ta padà ni igi ganganran tí àwọn àgbà ní kó má gún àwọn lójú. Igi méjì tó hù sún mọ́ra ni kí ẹ wá, tàbí ẹ̀ka tó pín sí méjì; ẹ ki ẹ̀ka gbígbẹ náà sáàárín, ẹ di òpin rẹ̀ tó gùn mú, ẹ sì máa rìn lọ. Ẹ má fi agbára fà á. Bí ẹ bá kàn rìn, ara yín ni yóò tì í, yóò ṣẹ́ ní ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ̀ka tó nípọn tó ọwọ́ ọmọdé ò lè kọ̀. Ọparun nìkan ni mo máa ń yọ sọ́tọ̀. Inú rẹ̀ ní yàrá yàrá tí afẹ́fẹ́ àti omi há sí. Bí ẹ bá gbé e sínú iná bẹ́ẹ̀, á bú gbàù, á sì ju ẹyín iná sí aṣọ. Ẹ fi àdá kan ojú rẹ̀, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbá a mọ́lẹ̀, á là dé ìdí.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà tó gbọ́ pé mo ń la igi. Irin kan ni, tí ọmọbìnrin ará New Zealand kan tó ń jẹ́ Ayla Hutchinson gbé kalẹ̀ ní 2013, nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, fún ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìyá rẹ̀ ló fi àáké gé ara rẹ̀ níka níbi tó ti ń la igi. Ohun tí ọmọ náà ṣe ni pé ó yí ọ̀rọ̀ náà padà: ẹnu irin dojú kọ òkè, kò kúrò lójú kan, òrùka irin sì yí i ká lókè kí igi má bàa ṣubú. Ẹni tó fẹ́ la igi yóò gbé e lé orí ẹnu irin, yóò sì fi òòlù lu orí igi. Ọwọ́ kò sí níbi tí irin wà. N kò mọ iye ìgbà tí mo wo fídíò náà. Gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ láyé, irin la ń sọ lu igi. Ọmọbìnrin kan ló wá ní kí irin jókòó kí igi wá bá a.

Mo mú fóònù lọ bá wẹ́dà tó wà ní òpópónà wa.

"Mámà, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Igi ni mo fẹ́ fi là."

Ó wò mí, ó wo fóònù. "Ṣé kò sí ọmọkùnrin nílé yín ni, mà?"

"Ọmọkùnrin wà, ẹ̀wà ni ò lè dúró dè é."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Sípíríǹgì mọ́tò akẹ́rù kan tó ti ṣẹ́ ló gé, ó lọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi mú, ó jó o mọ́ orí irin pẹlẹbẹ tó nípọn, ó sì fi ìdajì ríìmù alùpùpù ṣe òrùka yí i ká. Kò jọ ti òyìnbó rárá. Ó wọ́ díẹ̀ lápá kan, ọ̀dà tó kùn ún sì ti ń ṣí. Àmọ́ ó ń la tíìkì àti mẹ̀línà bí mo bá ti fi ọmọ odó lu orí rẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá ti lò ó tán, mo ń fi ègé táyà àtijọ́ bo ẹnu rẹ̀, torí irin tó dojú kọ òkè kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ níbi tí adìyẹ àti ọmọ ọmọ wà. Táyà tó kù náà ò ṣòfò: mo gbé e sórí kùkùté, mo ń to àwọn ẹ̀là kéékèèké sínú rẹ̀ kí n tó tún wọn là sí wẹ́wẹ́, wọn kì í fọ́n ká mọ́, mi ò sì ní láti máa bẹ̀rẹ̀ ṣa wọ́n. Ìbàdí mi nìkan ló mọ iye tí ìyẹn tó.

Ẹni kan bi mí pé kí ni mo ń fẹ́ wẹ́wẹ́ sí, tí igi bá ti lè wọ àdògán, ṣé kò tó. Kò tó. Igi gbọ̀ǹgbọ̀, pàápàá tí kò bá gbẹ, ń rú èéfín kó tó gbaná. Igi tútù, omi inú rẹ̀ lè tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, iná yóò sì kọ́kọ́ se omi náà kó tó dórí ẹ̀wà. Igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ, afẹ́fẹ́ ń kàn án níbi gbogbo, ó ń jó geere. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, afẹ́fẹ́ burúkú inú ilé, tí èéfín ìdáná wà nínú ohun tó ń fà á jù, ṣekú pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń wà nídìí ààrò ló ń fà á símú jù. Mo ń dáná níta gbangba nítorí èyí, mo sì ń là á wẹ́wẹ́ nítorí èyí. Larry Winiarski, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ti rí i látọdún 1982, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdògán tí ẹnu rẹ̀ kéré, tí ọ̀nà iná inú rẹ̀ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì yí gòkè. Igi tín-ín-rín nìkan ló lè wọ ẹnu rẹ̀, díẹ̀ sì ni. Ìkòkò kan náà lẹ óò fi igi tó kéré sè. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, igi lílà rẹ̀ ti dín kù sí ọwọ́ méjì lálẹ́.

N kì í là á jọ. Ìyẹn náà ni mo ń bá àwọn ọmọ fà. Wọ́n fẹ́ kí n jẹ́ kí àwọn la ti oṣù kan lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n tò ó sí ara ògiri, kí gbogbo ayé rí i. Ìtì ni mo ń tò, orí bíríkì, kí ikán má bàa dé ibẹ̀, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọyẹ́ bá mi gbẹ ẹ́ kí òjò tó dé. Lílà rẹ̀, ti alẹ́ ọjọ́ kan náà ni, bí ẹ̀wà bá ṣe ń rẹ lọ́wọ́. Ó ń mú mi jókòó síta ní àkókò tí oòrùn ti rọ̀, tí àwọn tó ń kọjá lọ lè kí mi, tí èmi náà lè béèrè ilé wọn.

Alákàrà tó wà ní ìkóríta ló kọjá lọ́jọ́ kan, tó dúró, tó wo irin náà títí. Ó ní ṣé òun lè fi ọwọ́ kàn án. Ó gbé ẹ̀là kan lé e, ó lù ú, ó tún gbé òmíràn. Ó ti lọ bá wẹ́dà báyìí, ó ní òun fẹ́ èyí tó tóbi ju tèmi lọ, tí òrùka rẹ̀ lè gba ayín. Wẹ́dà ní kó ṣe sùúrù dẹ̀yìn Iléyá, sípíríǹgì akẹ́rù ti tán lọ́wọ́ òun.